Ìgbálẹ̀ Tó Wé Gèlè

Òórùn kánfọ̀ àti kábéèjì bíbọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kí mi káàárọ̀ nílé màmá ará Póláǹdì tí mò ń tọ́jú ní Highbridge, ní Bronx lókè òkun. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òtútù mú débi pé ẹ̀rọ amúlégbóná ń kérora bí ẹni tí inú ń run. Láti Kérésì ni màmá kò ti jáde. Abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ló wà, oúnjẹ kò wù ú, ẹ̀rù sì ń bà mí, nítorí ìfẹ́ mi sí i ti kọjá ti iṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣàdédé dìde jókòó. Ó ní nílé àwọn, ère obìnrin tí a fi koríko gbígbẹ ṣe ni wọ́n fi ń lé òtútù lọ. Wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n á jù ú sódò, wọ́n á sì máa lọ sílé láìbojú wẹ̀yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá bojú wẹ̀yìn, tàbí tó fọwọ́ kan ère náà nínú omi, òtútù á padà.

"Bá mi ṣe é," ó ní, "màá jáde."

Kí ni pásítọ̀ mi máa gbọ́? Ṣùgbọ́n "màá jáde" yẹn ló ṣẹ́gun mi. Koríko gbígbẹ wo ni èèyàn fẹ́ rí ní Bronx? Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa ní Tremont, mo ra ìgbálẹ̀, mo dì wọ́n pọ̀, mo sì ń ké pe ẹ̀jẹ̀ Jésù bí mo ṣe ń dì wọ́n. Mo ya ìró ankárá mi àtijọ́ sí méjì, mo fi ìdajì wé gèlè fún ère, mo fi ìdajì wérí tèmi nítorí òtútù. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà mọ̀ mí, mi ò lè wé gèlè ìwékúwèé. Nígbà tí mo parí, ère náà dà bí ẹni tó fẹ́ lọ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo ti àga onítáyà màmá sọ̀kalẹ̀ dé etí odò, òun fúnra rẹ̀ ló sì ju ère náà sómi. A yíjú, a ń lọ. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi figbe ta lẹ́yìn wa pé, "Obìnrin kan ti kó sódò o!" Mo fẹ́ wò ó, màmá nawọ́ sẹ́yìn, ó gbá ọwọ́ mi mú. A tún yára sí i. Ẹni tó bá rí wa á ní apààyàn méjì ló ń sá lọ.

"Ẹ dúró! Ẹ yíjú síbí!" Ọlọ́pàá ni. Mo ti rí i pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Màmá kò mira. "Bó o bá fẹ́ rí ojú mi, wá síwájú."

Ó wá lóòótọ́. "Ta ni obìnrin yẹn?"

"Ọ̀físà, ìgbálẹ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́."

Ó wo ankárá orí mi, ó wo odò lókè èjìká mi, kò gbà mí gbọ́. Ó padà sẹ́yìn. A gbọ́ tó ń fi igi fa nǹkan nínú omi, lẹ́yìn náà la gbọ́ ẹ̀rín. Ló bá gbé ère náà wá, omi ń ro tótó lára rẹ̀, ó gbé e lé màmá nítan, ó ní a kì í da ìdọ̀tí sódò.

Lọ́jọ́ kejì, yìnyín bọ́ bí ẹni ń jọ láfún. Ọkàn mi bàjẹ́, mo rò pé màmá ti padà sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Mo ṣílẹ̀kùn, mo bá a nínú kóòtù àti bàtà, ère lórí itan rẹ̀, ó ń tún gèlè rẹ̀ ṣe. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé kì í ṣe òtútù ló há a mọ́lé, ohun tí yóò tìtorí rẹ̀ jáde ni kò ní. Títí dòní, bí ayé bá sú mi, ohun tí màá jáde lọ ṣe ni mo máa ń kọ́kọ́ wá.

"Ibi tí ọlọ́pàá kò sí la ń lọ lónìí," màmá ló wí bẹ́ẹ̀.