Ọgọ́fà Ọta Mojọláolúwa

Bí ẹ bá rí Mojọláolúwa níbi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Thamesmead láàárọ̀, pẹ̀lú báàgì oúnjẹ lọ́wọ́ àti fìlà òwú tó fà bo etí, kò ní wá sí yín lọ́kàn pé ó mọ ìbọn yìn. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni. Ilé ìwòsàn ńlá tó wà nítòsí Woolwich Common ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kì í sì í ṣe agbálẹ̀. Yàrá ìsàlẹ̀ ló wà, níbi tí wọ́n ti ń fọ irin iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n ń fi ooru pa kòkòrò ara rẹ̀, tí wọ́n sì ń tò ó padà sínú àwo. Àwo mìíràn ń gba irin mẹ́rìnlélógójì. Bí ẹyọ kan bá dín, àwo náà kò gbọdọ̀ jáde. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń ka irin.

Uncle Raymond ló mú un mọ ìbọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá náà. Ó wọ iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì nígbà èwe rẹ̀, ó gbé bárékè Woolwich fún ọdún púpọ̀, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, ó gba iṣẹ́ títi kẹ̀kẹ́ aláìsàn ní ilé ìwòsàn yìí kan náà. Wọ́n jọ máa ń jẹun ọ̀sán. Lọ́jọ́ kan ó ní kí Mojọláolúwa wá wo ẹgbẹ́ ayìnbọn tí òun wà ní Kent, torí ọjọ́ àlejò ni. Obìnrin náà tẹ̀ lé e nítorí pé ilé ti sú u. Keziah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní yunifásítì nígbà náà, ilé sì dá wáí. Wọ́n fi ìbọn gígùn kan tí ọta rẹ̀ kéré lé e lọ́wọ́. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mẹ́jọ bọ́ sí àárín gbùngbùn.

"Ọwọ́ ẹ ò gbọ̀n rárá," ni Uncle Raymond wí.

Bó ṣe wọ ẹgbẹ́ nìyẹn. Oṣù mẹ́fà ló fi wà lábẹ́ ìṣọ́ kí wọ́n tó gbà á. Kó tó gba ìwé àṣẹ ìbọn, dókítà rẹ̀ kọ ìwé lórí ìlera rẹ̀, ọlọ́pàá wá sílé wá wo àpótí irin tó máa kó ìbọn sí, èyí tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, wọ́n bi í ní ìbéèrè títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ìròyìn náà dé ìjọ aláṣọ funfun tó ń lọ, Mummy Ẹwàọlá, àgbà obìnrin kan níbẹ̀, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn.

"Mojọláolúwa, ta lo fẹ́ pa?"

"Bébà ni, Mummy."

"Kí ni bébà fi ṣe ẹ́?"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ìbọn tó wá wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù ni rìfọ́fà ńlá kan, èyí tí àgbá rẹ̀ ń yí, tó sì ń gba ọta mẹ́fà. Òfin ìlú yìí kò fàyè gba rìfọ́fà kékeré. Ọ̀pá ìbọn Mojọláolúwa gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, irin kan sì yọ lẹ́yìn rẹ̀ bí ìrù, kí ẹnikẹ́ni má baà lè fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Ọta tí wọ́n ń tà fún irú ìbọn bẹ́ẹ̀ le kọjá bẹ́ẹ̀. Uncle Raymond ní àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi í pa àgbọ̀nrín àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó. "Bébà ò sì ní egungun," ló wí. Bí Mojọláolúwa bá yìn tó àádọ́ta, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ á wú, kò sì ní lè gbé àwo irin dáadáa níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Bàbá náà wá kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọta tó rọ̀. Kòròfo idẹ tí wọ́n ti yìn, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á fi ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́ kó padà sí bó ṣe rí, wọ́n á fi ìṣáná tuntun tó máa tan ẹ̀tù sí ìdí rẹ̀, wọ́n á wọn ẹ̀tù sínú rẹ̀, wọ́n á sì fi orí òjé dé e. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ó bá Mojọláolúwa lára mu ju ìyìnbọn gan-an lọ.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kejì, kò lọ síbi iṣẹ́, ó jókòó sínú yàrá tó ń kó ìbọn sí nílé láti ṣe ọgọ́fà ọta sílẹ̀ de ìdíje ẹgbẹ́ tó máa wáyé ní Sátidé. Ó to àwọn kòròfo sínú pátákó oníhò, ó ń wọn ẹ̀tù, ó ń dà á sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀tù ọta tó rọ̀ kì í dé ìdajì kòròfo. Èèyàn lè ṣèèṣì da ìwọ̀n méjì sínú ẹyọ kan, kó má sì kún. Ìdí nìyí tí Uncle Raymond fi kìlọ̀ fún un pé kí òjé tó wọlé, kó tan tọ́ọ̀ṣì sínú gbogbo wọn, kó rí i pé wọ́n dọ́gba.

Ó ku ìlà méjì kó parí nígbà tí fóònù dún. Keziah ni. Ó ti gboyè, ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ó sì ti padà wá ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

"Mummy, mo ti dé Abbey Wood. Òjò ń rọ̀ gan-an, kò sì sí bọ́ọ̀sì. Ṣé o lè wá pick me?"

Ìwọ̀n ẹ̀tù kan ṣì wà lọ́wọ́ ìyá. Ó dà á sí kòròfo tí ọwọ́ rẹ̀ kàn, ó ti yàrá pa, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Nígbà tí wọ́n padà dé, Keziah ní ebi ń pa òun. Ìyá sáré padà sídìí ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rò pé òun dé, ó parí rẹ̀, ó dé gbogbo wọn ní òjé. Kò tan tọ́ọ̀ṣì.

Ní Sátidé, Uncle Raymond ló ń darí pápá. Mojọláolúwa yìn mẹ́fà àkọ́kọ́, ó dára. Ó tún ki mẹ́fà mìíràn sínú àgbá, ó yìn mẹ́ta. Ìkẹrin kàn dún pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìdérí ìgò. Ìbọn kò ta sẹ́yìn. Ihò tuntun kò sí lára bébà. Aago ìdíje ń lọ, àwọn tó wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀ ń yìn lọ, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ti wà lórí òòlù ìbọn láti fà á fún ìkárùn-ún. Ó mú un kúrò. Ó gbé ìbọn kalẹ̀, ó kọ ẹnu ìbọn náà síwájú, ó na ọwọ́ sókè.

Uncle Raymond kígbe pé kí gbogbo èèyàn dáwọ́ dúró. Ó tú ọta tó kù jáde, ó ti ọ̀pá idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ẹnu ìbọn. Ọ̀pá náà dé àárín, ó dúró. Ìṣáná nìkan ló ti òjé débẹ̀, ó sì há, ó dí ọ̀nà èyí tó kàn.

"Uncle, ẹ̀tù ò sí nínú ẹ̀."

"Mo rí i."

"Tí mo bá yin èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́?"

"O ò yìn ín. Lọ jókòó, kó o mu omi."

Ó wọ mọ́tò, ó forí lé ilé. Ohun tó wá sí i lọ́kàn lójú ọ̀nà ló burú jù: ẹ̀tù tí kò sí nínú ọ̀kan, òun ṣáà wọ̀n ọ́n. Inú èwo wá ló wà?

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Keziah nígbà tó délé.

"Ọjọ́ tí mo pè ẹ́ yẹn ni?"

"Ọjọ́ náà ni."

"So èmi ni mo fà á."

"Ìwọ lo pè mí. Ìwọ kọ́ lo ní kí n má tan tọ́ọ̀ṣì."

Láti ọjọ́ tí ìbọn ti wọ ilé, Keziah kò fẹsẹ̀ kan yàrá yẹn rí. Lọ́jọ́ náà, ó gbé àga wọlé. Ọta àádọ́fà ló kù. Wíwọ̀n lódindi kò lè fi nǹkan hàn, nítorí òjé kan wúwo ju èkejì lọ. Àfi kí wọ́n tú gbogbo wọn. Mojọláolúwa ní ohun èlò kan tó dà bí òòlù oníke. Yóò ki ọta sínú rẹ̀, yóò gbá a mọ́ ìtí igi, òjé àti ẹ̀tù á já sílẹ̀. Ó ń da ẹ̀tù sórí ìwọ̀n, Keziah ń ka iye tó bá rí.

"Same." "Same." "Same."

Nígbà tí wọ́n fi máa tú ogójì, aládùúgbò ìsàlẹ̀ ti fi igi ìgbálẹ̀ lu àjà. Mojọláolúwa sọ̀ kalẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́, ó sì padà wá fi tówẹ́ẹ̀lì sábẹ́ igi. Wọ́n ń bá a lọ. Nígbà tó di ìkẹtàlélọ́gọ́rin, Keziah fara sún mọ́ tábìlì. Ó tẹjú mọ́ ìwọ̀n.

"Mummy, èyí ò rí bẹ́ẹ̀. Double ni."

Ìyá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìwọ̀n méjì géérégé ni. Ó jókòó.

"Tó o bá yìn ín ńkọ́?" ni Keziah bi í.

"Ìbọn á fọ́. Bóyá ọwọ́ mi náà á bá a lọ."

Keziah dìde, ó lọ pọn tíì wá. Lẹ́yìn náà wọ́n tú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó kù, wọn ò fo ẹyọ kan.

Mojọláolúwa pe Uncle Raymond lórí fóònù lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn ìsìn. Ó sọ ti ẹ̀tù onílọ́po méjì náà fún un, ó ní òun máa sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́.

"Fún kí ni?" ni bàbá náà bi í. "Wọ́n rò pé ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣòfò. Ọ̀rọ̀ ti tán. Ìwọ nìkan ni obìnrin dúdú níbẹ̀. O fẹ́ kí wọ́n máa wò ẹ́ bákan?"

"Uncle, ẹ má bínú. Èèyàn wà lọ́tùn-ún mi, èèyàn wà lósì mi. Wọn ò mọ ohun tó wà nínú àpótí mi. Ẹ̀tọ́ wọn ni kí wọ́n mọ̀."

Bàbá náà mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Màá jókòó tì ẹ́."

Ó sì jókòó tì í. Ìgbìmọ̀ gbọ́ ọ tán, wọ́n ní fún oṣù mẹ́ta kò gbọdọ̀ yin ọta tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní pápá wọn. Ó dùn ún, kò jiyàn. Bí wọ́n ṣe ń jáde, ọkùnrin òyìnbó arúgbó kan tí kò bá a sọ̀rọ̀ rí dá a dúró, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí i. Ìka kan kò ní orí. Ó ní ọdún kejìlélógún rèé tí òun náà yẹ kí òun ti tan tọ́ọ̀ṣì, àti pé òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an títí di ọjọ́ yẹn.

Fún oṣù mẹ́ta, ọta ọjà ni Mojọláolúwa ń yìn, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré lọ́jọ́ kan, ó sì ń fi òróró pa ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó bá délé. Ní oṣù kẹfà, ó tún jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ogún-ogún ló ń ṣe wọ́n báyìí, ó sì ń fi fóònù sílẹ̀ lọ́dọ̀ Keziah ní pálọ̀. Nínú ìdíje ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó gba ipò kẹrin nínú èèyàn mọ́kànlá. Nígbà tó ń bọ̀, ó yà ní Plumstead High Street, ó ra iṣu àti ẹja tútù. Keziah kò tíì tẹ̀ lé e lọ sí pápá. Ó ní ariwo náà ò dára fún òun, ìyá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.