Ìbọn Tí Bọ̀dá Ògúnbíyìí Bá Lorenzo Gbé

"Bọ̀dá, kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo bi Bọ̀dá Ògúnbíyìí ní ìbéèrè yìí, nínú ilé ìdáná wa ní Collegno, lẹ́bàá Torino. N kì í sábà bi àgbàlagbà léèrè ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èyí ti wà lọ́kàn mi fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kò sì jẹ́ kí n gbádùn. Ìyá mi yíjú kúrò nídìí sítóòfù, wọ́n ní, "Fọláwẹ̀mí, ta ló pè ọ́ sí i?" Bọ̀dá mu omi tó wà lọ́wọ́ wọn tán, wọ́n wá béèrè bóyá olùkọ́ ti dá ìwé ìdánwò ìṣirò wa padà. Mo ní kò tí ì dá a padà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí.

Bọ̀dá kì í ṣe ẹbí wa. Ilé kan náà là ń gbé, àwa nísàlẹ̀, àwọn lókè wa. Ṣùgbọ́n Ìgbòho ni wọ́n ti wá, Ṣakí sì ni ìyá mi ti wá, ìyẹn sì tó kí wọ́n di àbúrò ìyá mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé lórí àtẹ̀gùn. Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń rọ irin fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ Lorenzo. Lorenzo ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ, òun náà ló sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gun òkè.

Mo mọ̀ pé àgbà ni Lorenzo, ó sì yẹ kí n máa fi ọ̀wọ̀ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀, kò ṣeé ṣe.

Ní ọjọ́ Sunday, Lorenzo á fi ọkọ̀ gbé Bọ̀dá lọ sí àwọn òkè Val di Susa, wọ́n á rìn títí, nígbà mìíràn wọ́n á pàgọ́ sun síbẹ̀. Ìyá mi kò yé fi Bọ̀dá ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ògúnbíyìí, ẹni tó ń dúró nídìí ẹ̀rọ láti Monday, tó tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àpáta lọ́jọ́ ìsinmi, ta ló ń lé e?"

"Àǹtí, atẹ́gùn ibẹ̀ dára."

"Kò sí atẹ́gùn ní Collegno? Ṣí fèrèsé."

Ọmọ ọdẹ ni Bọ̀dá. Bàbá wọn máa ń lọ sígbó pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn, Bọ̀dá tó jẹ́ ọmọdé á sì tẹ̀ lé wọn. Bí wọ́n bá ń padà bọ̀, òun ló máa ń bá àwọn àgbà gbé ìbọn. Wọ́n sọ fún wa pé kò sí ẹni tó ń rán àwọn. Ọmọ tó bá ń rìn lọ́wọ́ òfo nígbà tí àgbà ń ru ẹrù níwájú rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló máa béèrè ẹni tó bí i. Lorenzo fẹ́ràn irú ìtàn bẹ́ẹ̀, nítorí òun náà jẹ́ ọdẹ, ó sì ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe "ẹ̀gbọ́n". Bí ó bá wá pe Bọ̀dá, á dúró sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn wa, á kígbe pé, "Biyi, ẹ̀gbọ́n rẹ ti dé!" Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Kì í ṣe pé Bọ̀dá kò mọ̀ pé òfin wà. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé búrẹ́dì lórí òkè, ìsàlẹ̀ àpò ni wọ́n ń fi sí, lábẹ́ aṣọ òjò, wọn kì í sì í yọ ọ́ títí wọ́n á fi dé orí koríko. Wọ́n ní ọ̀bẹ tó ní ìdí lórí òkè kò ní ìdí kankan nínú métrò, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, bí ọlọ́pàá bá sì bi ọ́ ní ìdí rẹ̀, o gbọ́dọ̀ ní èsì. Òfin ìbọn le ju èyí lọ. Mo ti kà nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní Italy, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé àṣẹ nìkan ló lè gbé ìbọn kiri. Kò ṣe nǹkan kan pé kò sí ọta nínú rẹ̀, tàbí pé ẹni tó ni ín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Bí o bá gbé e kọ́ èjìká láìní ìwé, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹni tó ní ìwé, tó sì gbé e fún ọ, òun náà ti ṣẹ̀.

Oṣù October ni. Wọ́n ti sun inú àgọ́, Lorenzo sì ti dọdẹ láti ìdájí, kò rí ẹran kankan pa. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dun Lorenzo. Ó ń tiro, ó ń fi igi rìn, ìbọn sì wà léjìká rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e wá."

"Ọmọ ọdẹ, ṣé kì í ṣe èmi lo fẹ́ fi ṣe ẹran ọ̀sán?"

"Ẹran tiyín ti gbó. Gáàsì Italy ò lè sè é."

Lorenzo rẹ́rìn-ín, ó yọ ọta kúrò, ó gbé ìbọn náà kọ́ Bọ̀dá léjìká, ó sì lù wọ́n lẹ́yìn pẹ́pẹ́.

Ibi tí Bọ̀dá máa ń bá ìtàn náà dé nìyẹn. Wọ́n á sọ àwàdà ẹran náà, a óò rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì dìde. Èyí tó kù, ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ, nítorí wọ́n lọ sí ilé ẹjọ́ pẹ̀lú Bọ̀dá ní Torino, wọ́n sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ka ẹ̀sùn náà.

Níbi tí ọ̀nà ti yà sọ́dọ̀ ọkọ̀, carabinieri méjì, àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ igbó, ń bọ̀ lókè. Wọ́n kí wọn, wọ́n béèrè ìwé. Lorenzo mú tirẹ̀ jáde. Bọ̀dá mú ìwé ìgbélùú wọn jáde, torí òun nìkan ni wọ́n ní.

"Ta ló ni ìbọn yìí?"

"Èmi ni mo ni ín," ni Lorenzo wí.

"Ta ló gbé e fún un?"

Ẹnikẹ́ni kò fọhùn. Lẹ́yìn náà ni Lorenzo sọ pé, "Mo gbé e kalẹ̀ kí n lè sinmi. Mi ò mọ ìgbà tó gbé e."

Wọ́n yíjú sí Bọ̀dá, wọ́n ní, "Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?" Bọ̀dá kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí carabinieri kọ sílẹ̀ ni pé ọkùnrin náà kò ní ohun kan láti sọ.

Nígbà tí Bọ̀dá rí agbẹjọ́rò wọn, Giulia, wọ́n sọ òótọ́ fún un. Giulia gbà wọ́n gbọ́. Ó ní, "Ṣùgbọ́n wọ́n bi yín lójú ibẹ̀, òun sì wà níbẹ̀. Ta ló máa gbà á nísinsìnyí?" Adájọ́ ní wọn ò ní wọ ẹ̀wọ̀n, bí wọn ò bá tún ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti lẹ̀ mọ́ orúkọ wọn.

Láti ọdún púpọ̀ sẹ́yìn ni wọ́n ti ń retí cittadinanza, ìwé tí yóò sọ wọ́n di ọmọ ìlú. Gbogbo nǹkan ni wọ́n so mọ́ ọn. Bí ó bá jáde, wọ́n á lè lọ wo ìyá wọn ní Ìgbòho nígbàkigbà, láìbẹ̀rù pé ìwé á tán mọ́ àwọn lọ́wọ́ lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn ẹjọ́ náà, wọ́n kọ̀ ọ́ fún wọn. Ìwé ìgbélùú pàápàá, wọ́n dá a dúró ní questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń ṣe ìwé àlejò, wọ́n ní àwọn ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àsìkò yẹn ni ìyá wọn kú. Bọ̀dá wo ìsìnkú náà lórí fóònù nínú yàrá wọn. Àwa nísàlẹ̀ gbọ́ orin ìjọ tó ń wá láti Ìgbòho.

Mo rí Lorenzo lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìyẹn. Èmi àti Bọ̀dá ń bọ̀ láti ọjà, òun ń jáde láti métrò ní Fermi pẹ̀lú àpò ńlá méjì, ó sì ń tiro. Nígbà tó rí wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn bọ́ọ̀sì bí ẹni tó ń wá nọ́ńbà. Bọ̀dá kí i pé, "Buongiorno." Ọwọ́ wọn jáde lọ sí ibi àpò Lorenzo. Mo rí i. Wọ́n tètè fà á padà, wọ́n sì tì í bọ àpò kóòtù. Lorenzo kò yíjú kúrò lára àwọn bọ́ọ̀sì náà. Nígbà tí a dé ọ̀nà ilé wa, mo sọ fún wọn ní èdè Italy pé ọkùnrin yẹn burú. Bọ̀dá ní kí n sọ ọ́ ní Yorùbá bó bá dá mi lójú. 

Kò pẹ́ tí Bọ̀dá fi kó lọ sí Udine. Wọ́n rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe àga, ìyá mi sì ń pè wọ́n ní alẹ́ Saturday. Wọn ò tún gun òkè mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń rí òkè láti fèrèsé wọn.

Lọ́dún yìí, nígbà ìsinmi Àjíǹde, èmi àti ìyá mi lọ kí wọn. Ọkọ̀ ojú irin gbé wa kọjá Padova, òjò ń rọ̀. Bọ̀dá ti ní ewú díẹ̀. Wọ́n se ìrẹsì, wọ́n sì sọ fún ìyá mi pé Gabriele, ọmọ Lorenzo, pe àwọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lorenzo ti kú. Gabriele ní bàbá òun máa ń dárúkọ Biyi nígbà tí àìsàn le.

Ìyá mi béèrè pé, "Ó wá sọ òótọ́ fún ọmọ rẹ̀?"

"Rárá, Àǹtí. Orúkọ mi nìkan ló dá."

Ìyá mi ní kí Ọlọ́run dárí jì í, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò rí bí ohùn ẹni tó ń ṣàdúrà.

Nígbà tí a ń padà lọ, Bọ̀dá sìn wá dé ibùdókọ̀. Ìyá mi lọ wo ibi tí ọkọ̀ wa yóò ti gbéra. Bọ̀dá dúró tì mí, wọ́n ń wo ojú irin.

"Fọláwẹ̀mí, o bi mí ní ọ̀rọ̀ kan nígbà kan."

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà."

"N kò bínú. Kò ṣeé dáhùn nígbà tó ṣì wà láàyè ni. Àwa méjèèjì ni wọ́n bi, òun sì ni àgbà. Mo dákẹ́ kí ó lè kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tó sọ èyí tó sọ, mo tún dákẹ́, kí ó lè ráyè kó ọ̀rọ̀ náà padà láìsí pé mo pè é ní òpùrọ́ lójú àlejò. Mo ń wo ojú rẹ̀. N kò tilẹ̀ rántí pé ọlọ́pàá ń dúró de èsì mi." Wọ́n yíjú sí mi. "O ní kí ló dé tí n kò sọ̀rọ̀. Mo fọkàn tán an ni."