Ìrọ̀rí Onípáànù Lábẹ́ Ọkọ̀

Kékeré ni mo ṣì wà, n kò tíì mọ ìwé rárá, nígbà tí wọ́n fi Àkúrẹ́ ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ tuntun tí wọ́n ń pè ní Oǹdó. Ẹ̀yin tí ẹ bá ìlú bó ṣe wà yìí kò lè mọ bó ṣe rí nígbà náà. Ilé ń yọ níbi tí a ti ń dẹ pàkúté fún òkété. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó ẹrù wọn dé láti Ìbàdàn, ọkọ̀ wọn sì ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ìyẹn ló jẹ́ kí iṣẹ́ wà fún ọ̀gá mi, àbúrò ìyá mi ọkùnrin, tó ń ṣe mẹkáníìkì lábẹ́ igi ọ̀dán kan ní ọ̀nà Ọ̀dà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi mí sí lẹ́yìn tí bàbá mi kú. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ilé ìwé.

Ọ̀gá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bóyá ara rẹ̀ ni mo ti kó o. Ṣùgbọ́n ó ní òfin kan tí kì í yẹ̀: ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ dán an wò. Bó bá tún bíréèkì ṣe, òun ni yóò wa ọkọ̀ náà sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bó bá fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, òun ni yóò kọ́kọ́ wọ abẹ́ rẹ̀ kí ó tó ní kí ọmọ iṣẹ́ wọ̀ ọ́. Á ní, "Ara tìrẹ ni kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, òórùn kan kọ́kọ́ dé bá wa kí ohun tó ni ín tó dé. Òórùn kòkó tí wọ́n ń yan ni. Ọ̀gá mi gbé orí sókè, ó ní, "Ta ló ń yan kòkó nínú oòrùn yìí?"

Ọkọ̀ pupa kan ló yà wọlé. Ó kéré, ó rẹlẹ̀ débi pé ewúrẹ́ lè dúró kó máa wo orí rẹ̀. Ilẹ̀kùn méjì, àga méjì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sípọ́ọ̀sì ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń sáré ìje nílẹ̀ wọn níbi tí títì ti dán. Ó ti gbó, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ń nù ún. Bàbá àgbà kan sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀, ó ga, ó wọ bàtà aláwọ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀. Oníkòkó ni ní ìlú Oǹdó. Nígbà tí kòkó ṣì ń mú owó wá ló ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kò sọ̀kalẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Wọ́n fi aṣọ funfun di ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀.

Bàbá ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilẹ̀ ọkọ̀ yìí ló ń gbóná."

Ọ̀gá mi ní, "Báwo ló ṣe ń gbóná tó, Bàbá?"

Ìyá fèsì láti inú ọkọ̀. "Èmi ni kí ẹ bi. Kòkó kò lówó lórí mọ́, ìyàwó ni Bàbá àwọn ọmọ wá ń sá báyìí. Apá kan mi ti gbẹ. Ẹ wá bá mi yí èkejì sókè."

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì sọ bó ṣe jẹ́. Àtọ̀gbẹ ń bá ìyá jà. Àrùn náà ti pa ẹsẹ̀ rẹ̀, kò mọ gbígbóná, kò mọ tútù. Ó gbọ́dọ̀ máa wá rí dókítà ní Àkúrẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ yìí nìkan ló sì ń gbé e. Ní ìrìn-àjò kan, ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ lé ibi tí páìpù èéfín ti ń gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá. Kò mọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n dé Oǹdó ló fẹ́ gbé ẹsẹ̀, awọ àtẹ́lẹsẹ̀ sì dúró sílẹ̀ ọkọ̀.

Bàbá ní, "Dókítà ní egbò kan sí i, àwọn yóò gé e ni." Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó tún dé e padà. "Mo ti gbìyànjú fúnra mi. Àpò kòkó ni mo ká sí ibẹ̀. Òun ló ń rùn yẹn."

Ẹ má fi bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ní ilẹ̀ tiwa nígbà náà, kí ni a kì í fi àpò kòkó ṣe? Òun ni ẹní, òun ni aṣọ ẹnu ọ̀nà, òun ni òṣùká, òun la ń fi bo iṣu. Bí nǹkan bá le, àpò kòkó la fi ń tẹ́ ẹ kó lè rọ̀. Kò sí oníkòkó tí kò ní ṣe ohun tó ṣe. Ṣùgbọ́n àpò tó ti gbé kòkó fún ọ̀pọ̀ ọdún ti mu òróró kòkó yó. Nígbà tí a tú àga kúrò tí a sì ká kápẹ́ẹ̀tì, inú àpò náà ti dúdú, etí rẹ̀ kan ń rú èéfín díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá mi fi igi gbé e jáde, ó sọ ọ́ sínú iyanrìn. Bàbá dúró, ó ń wò ó.

Ọ̀gá mi ní, "Bàbá, ẹ kúkú ta ọkọ̀ yìí. Ẹ ra ọkọ̀ tó ga nílẹ̀."

"Ta ni yóò rà á lọ́wọ́ mi? Èmi náà kò sì fẹ́ tà á. Inú rẹ̀ ni mo gbé ìyàwó mi sí lọ́jọ́ tí mo mú un kúrò nílé bàbá rẹ̀."

Ìyá ti gbọ́. Ó ní, "Ẹsẹ̀ méjèèjì ni mo fi wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ náà o. Ẹ bá mi sọ fún mẹkáníìkì."

Abẹ́ ọkọ̀ ni ìṣòro wà. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ti fi páànù tẹ́ẹ́rẹ́ kan dí àárín páìpù èéfín àti ilẹ̀ ọkọ̀, wọ́n sì ti fi nǹkan bí òwú kan sórí rẹ̀ tó ń gba ooru dúró. Ìpẹtà ti jẹ páànù náà tán. Òwú náà ti di eruku, ó ń dà sí wa lójú. Kò sí ibi tí a ti lè rí irú rẹ̀ rà, kì í ṣe ní Àkúrẹ́, kì í ṣe ní Ìbàdàn. Ọ̀gá mi fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ títí, mo rò pé ó ti sùn. Nígbà tó jáde, ó bi mí pé níbo ni mo ti rí sítóòfù onígáàsì tó ti bàjẹ́.

Mo mọ̀ ọ́n. Ní Ìjàpọ̀, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbé, ìyàwó ilé kan ní ọ̀kan lẹ́yìn ilé, adìẹ ló ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Ó ní kí a gbé e lọ, ó ti ń gba àyè lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n kí a fi adìẹ sílẹ̀. Nínú ògiri sítóòfù náà ni òwú kan wà tó ń dán bí irun àgbàdo. Iná kì í jó o. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kàn án. Ó yún mi bí wèrèpè, mo fi epo pupa para, mo sì ń họ ara títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọ̀gá mi gé páànù méjì. Ó tẹ́ òwú náà sáàárín wọn, ó sì ní kí n máa fi òòlù ká etí wọn mọ́ra wọn yíká, bí ẹni ń rán ìrọ̀rí, kí omi òjò má baà wọnú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ìrọ̀rí náà kọ́ sábẹ́ ọkọ̀, lókè páìpù, kò jẹ́ kó kan páìpù, kò jẹ́ kó kan ilẹ̀ ọkọ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ rí ibi gbà kọjá. Bàbá àti ìyá sùn ní ọ̀dọ̀ ìbátan wọn kan ní Àkúrẹ́, wọ́n sì padà wá lọ́jọ́ kejì.

Ó wá ku dídán wò. Ọ̀gá mi bọ́ bàtà gẹ́gẹ́ bí òfin rẹ̀, ó fẹ́ jókòó sí àyè ìyá kí bàbá wa ọkọ̀. Bàbá wo àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀gá mi. Ó ti nípọn, ó ti dúdú, ó ti sán.

Ó ní, "Rárá. Ẹsẹ̀ yìí ti kú ju ti ìyàwó mi lọ. Kí ló fẹ́ gbọ́?"

Ọ̀gá mi wo tèmi. Tèmi kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, n kò ní bàtà. Bàbá jókòó sórí òkúta, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun bí ti ọmọ tuntun. Òun ló jókòó sí àyè ìyá, ọ̀gá mi wa ọkọ̀. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí mo rí i tí ọ̀gá mi jẹ́ kí ẹlòmíràn fi ara dán iṣẹ́ rẹ̀ wò. Wọ́n ní àwọn yóò dé Oǹdó kí àwọn tó padà.

Èmi àti ìyá ló kù lábẹ́ igi ọ̀dán. Ó ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo ọ́ìlì fún òun. Mo ní n kò mọ ìwé. Kò bínú. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kọ á, bí, dí sínú eruku, ó ní kí n máa kọ ọ́ tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó gbé ọ̀pá náà lélẹ̀. Ó ń wo ọ̀nà. Gbogbo ẹ̀fẹ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé ẹ ká etí páànù yẹn dáadáa?"

Mo ní, "Ẹ̀n, mà. Èmi ni mo ká a."

"Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ yìí. Ẹsẹ̀ méjì ni ìyá mi bí mọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo fẹ́ padà sọ́run."

Oòrùn ti ń rọ̀ kí a tó gbọ́ ìró ọkọ̀. Kò sí òórùn kankan níwájú rẹ̀. Bàbá sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán, ó gba orí erùpẹ̀ wa tó ti mu ọ́ìlì yó wá, ó jókòó síwájú ìyàwó rẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ sókè sí i bí ọmọdé. Ìyá gba ẹsẹ̀ náà mú. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. N kò tíì rí àgbà obìnrin kí ó di ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ mú ní gbangba bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ní, "Ó tutù." Ó tún wò ó. "Ṣùgbọ́n ó dọ̀tí."

Ìgbà náà ni bàbá tó rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. Kí wọ́n tó lọ, ìyá bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ nípa mi. Èmi ni mo ga jù ní kíláàsì kìíní lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Wọ́n ń kọjá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn awakọ̀ sọ fún wa pé bí wọ́n bá dé afárá Ọ̀wẹ̀nà, bàbá á dúró, á sọ̀kalẹ̀, á bẹ̀rẹ̀, á fi ọwọ́ kan ilẹ̀ ọkọ̀ níbi ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ kí wọ́n tó máa lọ. Wọn kò gé ẹsẹ̀ náà. Mo ti wà ní ilé ìwé gíga kí ìyá tó kú. Ọ̀gá mi àti èmi lọ sí Oǹdó lọ sin ín. Bàbá di ọwọ́ wa mú, kò kí wa. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹsẹ̀ méjèèjì ló fi lọ."

Ayé ti yí. Ọkọ̀ ayé òde òní ń tutù bí inú fíríìjì. Mẹkáníìkì á yọ èyí, á fi òmíràn sí i, á nu ọwọ́. Kò sẹ́ni tó ń bọ́ bàtà láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ òun dára. N kò bá wọn wí, iṣẹ́ wọn dára ju tiwa lọ. Ọ̀gá mi ti lọ. Igi ọ̀dán náà ti di ilé epo.

Ìyàwó tèmi náà ní àrùn yẹn, àtọ̀gbẹ. Láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ ọ́ ni mo ti ń fi ọwọ́ kan omi rẹ̀ kí ó tó fi ẹsẹ̀ sí i. Òun náà fi ẹsẹ̀ méjèèjì lọ. Kò sẹ́ni tí mo sọ ìyẹn fún níbi ìsìnkú. Lówùúrọ̀, bí mo bá sọ omi kaná, mo ṣì máa ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí n tó rántí pé èmi nìkan ni mo fẹ́ wẹ̀.