Ilẹ̀kùn Tí Kò Kí Àgò

Bí káfíńtà yìí bá kan ilẹ̀kùn sílé ẹni, èèrà tó bá fẹ́ wọlé àfi kó tọrọ àyè. Atẹ́gùn á dé ibẹ̀, á ṣẹ́rí padà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í wọ́, kì í sì í ké, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ọkùnrin náà ní Kì-í-dún.

Àfi bí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bó bá gbé e lé itan jẹ́jẹ́, ìgbà yẹn gan-an ni ìka rẹ̀ á máa ran òwú tẹ́nì kan ò rí. Ojú rẹ̀ gan bí ère, ohùn rẹ̀ sì lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ àyà.

Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tí wọ́n ní nílùú yẹ̀ ẹ́ wò. "Inú ọpọlọ ni àìsàn yìí ti ń wá, bàbá. Pákínsìn ni wọ́n ń pè é. Kì í ràn, ẹnikẹ́ni ò sì fi ránṣẹ́ sí yín. Oògùn rẹ̀ wà, àmọ́ kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ẹsẹ̀ yín bá lẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wá nǹkan tẹ́ ẹ máa dá kọjá, ẹsẹ̀ á gbéra."

Àmọ́ ẹnu aránṣọ tó wà ní yàrá kejì sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti ṣáájú nọ́ọ̀sì dé ìgboro. "Pákó pósí ló fi ń kan ilẹ̀kùn. Òkú tó ni pákó ló dì í lọ́wọ́ mú yẹn." Làwọn oníbàárà bá ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn ni kò lè sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ta ni yóò gbọ́ pé ẹni tó kan ilẹ̀kùn fún gbogbo ayé kò lè gba ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀ wọlé?

Ìrọ̀lẹ́ kan, ó ti ṣọ́ọ̀bù dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà bí ìṣó tí wọ́n gbá wọnú ìrókò. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kan pákó: kó, kó, kó.

"Ta nìyẹn?" Ìyàwó rẹ̀ ló ń bèèrè látinú ilé.

"Àgò o," ló wí, ṣùgbọ́n ohùn náà kò kọjá eyín. Ilẹ̀kùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kò sì fi ihò kankan sílẹ̀ fún un.

Nígbà tí ẹsẹ̀ tú u sílẹ̀ tó wọlé, ó bá obìnrin náà tó ká jọ sí kọ̀rọ̀.

"Bàbá wọn, ta lẹ pàdé lẹ́nu ọ̀nà?"

"Mi ò pàdé ẹnì kankan."

Irọ́ náà ti jáde kó tó mọ̀. Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ kan kì í kọjá kí ilẹ̀kùn má dún. Ó wá di pé òun alára ń bẹ̀rù. Bó bá dúró síbẹ̀ tó ń gbọ́ ọ, á máa ṣe é bíi pé ẹnì kan wà lẹ́yìn òun, tó na ọwọ́ gba abẹ́ apá òun kọjá.

Ìyàwó rẹ̀ di ẹrù. "Ohun tó ń kanlẹ̀kùn tí kò kí àgò, kì í ṣe èèyàn. Bó bá tún kàn lónìí, ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń lọ, mi ò sì ní í padà."

Ó wo ẹrù, ó forí lé ṣọ́ọ̀bù.

Nírọ̀lẹ́: kó, kó, kó. Lójijì ilẹ̀kùn ṣí, kò dún rárá, ọmọ odó sì wà lókè orí rẹ̀, lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ojú wọn ṣe mẹ́rin.

"Ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni."

"Láti ọjọ́ yìí?"

"Láti ọjọ́ yìí. Ẹsẹ̀ mi kì í gbéra. Mo sì ń kí àgò."

Ìyàwó rẹ̀ sún etí mọ́ ẹnu rẹ̀ kó tó gbọ́ ìyókù, ti nọ́ọ̀sì àti ti nǹkan tí wọ́n ń dá kọjá.

"Díẹ̀ ló kù kí n fọ́ yín lórí. Wọn ì bá sì fi ilẹ̀kùn yín gbé yín lọ."

Ó fi ọmọ odó náà dábùú ẹnu ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀ wò ó, ó gbé ẹsẹ̀, ó dá a kọjá bí ẹni ń kọjá gọ́tà. Obìnrin náà bá lọ tú ẹrù.

Ọmọ odó yẹn kò padà sídìí odó mọ́. Bí ọwọ́ náà bá ń kan etí àga, ìyàwó rẹ̀ á ní, "Àgò yà o," láìbojú wẹ̀yìn. Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ bá sùn nìkan lọwọ́ náà ń dákẹ́. Ìgbà yẹn lobìnrin náà á dìde jókòó, á máa retí kó kàn.