Wákàtí Kan Tí N Kò Fi Kún Un

Mo ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ẹ̀rọ ní yunifásítì ní Maiduguri fún bí ọdún mẹ́fà nígbà tí mo ṣe aago kan fún ilé ìwòsàn kékeré tí ìyàwó mi ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Khaddamari, lẹ́yìn ìlú. Díẹ̀ ló kù kí aago náà gba ìyàwó mi lọ́wọ́ mi.

Nígbà náà, konílé-ó-gbélé máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní àdúgbò wa ní Ngomari, ṣùgbọ́n aago márùn-ún ni àwọn sójà máa ń ti ojú ọ̀nà tó wọ ìlú láti apá Khaddamari. Ọkọ̀ tó bá yọ lẹ́yìn ìyẹn, ìbọn ni wọ́n á kọ́kọ́ nà sí i kí wọ́n tó bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀. Nítorí náà, aago mẹ́rin ni bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbéra. Aago ara ògiri wọn kò sì ṣe é gbọ́kàn lé. Bí bátìrì rẹ̀ bá ti ń kú lọ, á máa rọra fà sẹ́yìn. Ìyàwó mi ló ní kí n bá wọn wá nǹkan ṣe sí i.

Mo lo bóòdù kan tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, kọ̀ǹpútà kékeré tó lè gba íńtánẹ́ẹ̀tì láìsí wáyà. Mo kọ kóòdù sí i pé kó máa béèrè aago lọ́wọ́ àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú àkókò, kó sì máa gbé e jáde ní nọ́ńbà pupa. Bó bá béèrè lẹ́ẹ̀kan, á máa ka ìṣẹ́jú fúnra rẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà kó tó tún béèrè. Àwọn kọ̀ǹpútà yẹn kì í fúnni ní aago Nàìjíríà. Aago kan náà ni wọ́n ń fún gbogbo ayé, tiwa sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó kọ kóòdù ló máa fi wákàtí yẹn kún un. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀.

Oṣù méjì ni aago náà fi ṣiṣẹ́ láìyẹ̀. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé bí iná bá lọ tó sì dé kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó dé, á máa fi ọ̀gànjọ́ òru hàn ní ọ̀sán gangan. Mo gbé e wálé ní ọjọ́ Sátidé kan, mo tún apá ìbẹ̀rẹ̀ kóòdù náà kọ, pé kó má fi nọ́ńbà kankan hàn títí tó fi máa rí ìdáhùn gbà. Mo tan án, mo sì fi fóònù mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá ni mo ń wò, bó ṣe ń bá ti fóònù mi rìn pọ̀ láìfi ọ̀kan sílẹ̀. Inú mi dùn débi pé n kò wo wákàtí. Nígbà tí mo jí ní ọjọ́ Sunday, ó ti tún béèrè, gbogbo rẹ̀ sì pé. Ní Monday, ìyàwó mi gbé e padà lọ sí ibi iṣẹ́.

Mo tètè dé láti yunifásítì lọ́jọ́ náà nítorí ọmọbìnrin wa. Iná dé nílé nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù. Mo ní bóòdù kejì lórí tábìlì mi, èyí tí mo fi ń dán nǹkan wò, kóòdù kan náà ló sì wà nínú rẹ̀. Ó tàn, ó dúró díẹ̀, ó sì gbé nọ́ńbà jáde: aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

Mo wo fóònù mi. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

Ibi tí ó ti ń béèrè ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà ni mo fi wákàtí kan kún. Ní apá ìbẹ̀rẹ̀ tí mo tún kọ, n kò fi kún un.

Mo pe ìyàwó mi. Fóònù ń dún, kò gbé e. Mátírọ́ọ̀nù wọn kì í gbà kí wọ́n mú fóònù dání bí wọ́n bá ń gún ọmọdé lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ń tì wọ́n mọ́. Mo tún pè, mo tún pè. N kò ní nọ́ńbà dírẹ́bà. Nígbà tó fi di aago mẹ́rin àbọ̀, ọmọ wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi mí ní Hausa pé ìyá òun dà, "Ina Mama?" Mo ní ó ń bọ̀.

Mo gbé ọmọ náà, mo sáré lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò wa kan, sójà ọmọ Èkìtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún un. Kò bú mi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, n kò lè rán ọkọ̀ sí ọ̀nà yẹn nísinsìnyí. Màá sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé bọ́ọ̀sì funfun ń bọ̀, àti pé nọ́ọ̀sì ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n aago márùn-ún ni wọ́n ń pààrọ̀ ara wọn. Bóyá àwọn tó máa gbà á lọ́wọ́ wọn á gbọ́, n kò mọ̀."

Ó bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo padà sílé, mo jókòó sójú fèrèsé. Aago márùn-ún kọjá. Nígbà tó di bíi márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú, a gbọ́ ìró ìbọn lọ́nà jíjìn, ẹ̀ẹ̀mejì. Àwọn tó ń kọjá ládùúgbò dúró, wọ́n tẹ́tí, wọ́n sì tún ń lọ. Mo di ọmọ mi mú títí tó fi ní mo ń fún òun lọ́rùn.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́fà lù nígbà tí ìyàwó mi wọlé. Erùpẹ̀ wà lórúnkún rẹ̀ méjèèjì. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó wá sọ fún mi pé láti àárọ̀ ni kò ti sí íńtánẹ́ẹ̀tì níbi iṣẹ́, ojú aago sì ṣófo. Lẹ́yìn aago méjì ni íńtánẹ́ẹ̀tì dé, tí nọ́ńbà sì yọ, nígbà tí àwọn ìyá ọlọ́mọ kún gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sẹ́ni tó ráyè wò ó dáadáa. Ní aago mẹ́rin, dírẹ́bà wọlé pé ó tó àkókò. Fóònù tọ́ọ̀ṣì ló ń lò, èyí tí aago rẹ̀ máa ń dàrú bí bátìrì rẹ̀ bá yọ, bátìrì náà sì ti yọ láàárọ̀.

Ìyàwó mi ní, "Èmi ni mo sọ fún un pé irọ́ ni fóònù rẹ̀ ń pa. Ojú gbogbo wọn ni mo ti sọ ọ́. Mo ní ọkọ mi ló ṣe aago yìí, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti ń mú àkókò."

Dírẹ́bà gbà, ó padà síta. Baba maigadi tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ló gba wọ́n sílẹ̀. Ó wọlé wá wo ìdí tí wọn kò tíì fi lọ, wọ́n sì nawọ́ sí aago hàn án. Ó ní òun ti kí La'asar, ìrun ìrọ̀lẹ́, tipẹ́, ẹ̀rọ kankan kò lè dá a padà. Mátírọ́ọ̀nù ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Gbogbo fóònù tó wà níbẹ̀ ló sọ pé aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìpè mọ́kànlá láti ọ̀dọ̀ mi sì wà lórí ti ìyàwó mi.

Ìgbà tí bọ́ọ̀sì dé ibẹ̀, àwọn sójà ti ti ọ̀nà. Wọ́n yìnbọn sókè lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n na ọwọ́ sókè. Wọ́n wà lórí ìkúnlẹ̀ títí tí sójà kan fi jáde láti inú àgọ́, tó ní òun ti gbọ́ nípa wọn.

Mo sọ fún un pé èmi ni mo jẹ̀bi. Mo fi bóòdù tó wà lórí tábìlì hàn án, mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ títí, ó wá ní, "Dírẹ́bà ni kí ẹ lọ sọ ọ́ fún. Ẹ má fi rán mi o."

Mo bá wọn wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kejì. Mo bẹ dírẹ́bà lójú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lánàá, ìyàwó mi sì bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú. Mo tún kóòdù náà ṣe níbẹ̀, mo yọ aago náà kúrò lára iná, mo sì tún tì í bọ̀ ọ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá kí mátírọ́ọ̀nù lè rí i. Ó jẹ́ kí n gbé e padà sára ògiri. Dírẹ́bà ní ohun rere ni aago náà, àmọ́ láti ọjọ́ náà lọ, bí baba maigadi bá ti kí La'asar tán ni òun máa wọnú ọkọ̀, ẹni tí òun kò bá rí lórí ìjókòó nígbà tó bá di aago mẹ́rin yóò sùn síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe títí a fi kúrò ní Maiduguri.