Ọ̀nì Ara Àmù

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ di olùkọ́ ní Òkìtìpupa, nígbà tí irun ṣì wà lórí mi tí mo sì rò pé kò sí ohun tí n kò mọ̀, ìwé àwòrán kan wà ní ilé ìwé wa. Ìkòkò àtijọ́ ló kún inú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará àárín ilẹ̀ Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un. Wọ́n fi amọ̀ pupa, funfun àti dúdú ya ẹranko sí wọn lára: ọ̀bọ tó ká ìrù, ejò olórí méjì, àti ọ̀nì. Ọ̀nì ló pọ̀ jù. Ẹni tó kọ ìwé náà ní lójú àwọn kan nínú wọn, ẹ̀yìn ọ̀nì ni ilé ayé jókòó lé. N kò bá wọn jiyàn. Ẹni tó bá ti wọ lọ́rì lọ sí Ìkọ̀yà lásìkò òjò á gbà pé nǹkan kan ń mira lábẹ́ ilẹ̀.

Ìkọ̀yà yìí ni àbúrò ìyá mi ti ń mọ ìkòkò. Ọjà kò tà. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja tó ń ti etí òkun wá, tí wọ́n máa ń ra àmù lọ́wọ́ rẹ̀, ti ń ra garawa. Ó ní bí wọn kò bá padà kí ọdún tó parí, òun á pa amọ̀ tì, òun á máa pa ẹ̀kùrọ́, iṣẹ́ tó kórìíra bí ìyá ọkọ.

Mo gbé ìwé náà lọ fún un. Ó ṣí i síwá, ó ṣí i sẹ́yìn.

"Tísà, ṣé àwọn wọ̀nyí kò ní oko ni?"

"Wọ́n ní oko, Ìyá. Wọ́n tún ń ya ọ̀nì ni."

"Eléyìí sanra jù. Ta ló ń bọ́ ọ?"

Síbẹ̀ ó yà á. Ó mọ àmù ńlá kan, ó fi amọ̀ pupa ya ọ̀nì yí ikùn rẹ̀ ká, ó sì sun ún. Nígbà tí ẹlẹ́ja kan tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ ń kọjá, a pè é kó wá wò ó.

"Ìyá oníkòkò, ó mà rẹwà o! Ṣùgbọ́n inú yanrìn ni mo ń ri àmù mi sí dé èjìká, kí omi lè tutù. Ta ni yóò máa wo ọ̀nì yìí? Ekòló?"

A wo ara wa. Inú ilé tí àmù ti rì dé èjìká ni àwa méjèèjì ti dàgbà. Orí tábìlì ni ìkòkò inú ìwé wà, òun ló tàn wá.

"Ẹ padà wá lọ́jọ́ ọjà," ni àbúrò ìyá mi wí.

Mo fi ẹfun ya òmíràn sára àmù tútù tí a kò tíì sun, mo bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn. Ọrùn kúrú, ọ̀nì gùn: ojú àti ihò imú nìkan ló gba òkè, ìyókù rọ́ lọ sí ikùn. Mo fẹ́ pa á rẹ́.

"Fi í sílẹ̀," ó ní. "Bó ṣe ń lúgọ sódò náà nìyẹn."

Lọ́jọ́ ọjà, lẹ́yìn tí a ti sun àmù tuntun náà, a rì í sínú yanrìn lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ẹlẹ́ja wọlé, ó rí ojú méjì tó yọ nílẹ̀, ó fò sẹ́yìn, ẹja fẹ́rẹ̀ẹ́ dà.

"Yéè! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín dé. Ó rín in títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Àwọn ọmọ mi tó ń ki ọwọ́ ìdọ̀tí bọ omi, wọ́n á gbọ́n lónìí. Ẹ bá mi wú u. Ẹ tún mọ ti àbúrò mi, kí ojú tiẹ̀ burú ju èyí lọ. Ọmọ tirẹ̀ kò gbọ́ràn rárá."

Àbúrò ìyá mi ti gbé agbọ̀n, ó ń lọ wa amọ̀.