Àwo Orin Tí Mo Rà fún Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Norcross, ní Amẹ́ríkà níbí. Ẹ má tíì bú mi o! Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Ẹ mọ̀ pé ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ẹni rere ni, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan míì lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n nínú ilé mi, àti nínú mọ́tò tí mo fi ń lọ sí shift, n ò láṣẹ láti gbọ́ orin kankan àyàfi hymn. Bí mo bá yí rédíò síbòmíràn pẹ́nrẹ́n, Mọ́mì á wúkọ́. Ṣé ẹ mọ irú ikọ́ yẹn? Kò sí oògùn tó lè wò ó, àfi kí n yí rédíò padà.

Ohun tó fà á ni pé Mọ́mì ti ṣe olórin rí. Gbogbo ẹbí ló mọ ìtàn náà, gbogbo ìjọ sì ti gbọ́ ọ nígbà ìjẹ́rìí. Láàárín àwọn ọdún 1960, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Èkó ń jó highlife, tí wọ́n ń gbọ́ jáàsì àti soul, Mọ́mì gbé àwo kan jáde. Miss Honey ni wọ́n ń pè é! Lẹ́yìn náà ló bá Jésù pàdé, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ò ní kọrin mọ́ láyé òun. Kò sì kọ ọ́ mọ́ lóòótọ́. Bí a bá ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, ètè rẹ̀ nìkan ló máa ń mì. Àwa gbà pé ìwà mímọ́ ni.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé mọ́tò mi lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní West End. Ó ní kí n dúró díẹ̀. Ta ni ò mọ díẹ̀ mẹkáníìkì? Mo bá yà sí ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta àwo àtijọ́. Bàbá Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó ni ìsọ̀ náà gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni mí, ló bá fa páálí kan jáde lábẹ́ tábìlì. Mo ń tú u lọ, mo ń tú u bọ̀, àfi bí mo ṣe rí iwájú orí ọkọ mi lára páálí àwo kan! Lójú ọmọge tó wọ búláòsì péńpé àti wíìgì gogoro ni o. Mọ́mì nìyẹn!

Bàbá náà gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ. Ohùn obìnrin náà jáde, ara mi bù máṣọ. Bàbá ní nígbà yẹn, gbogbo wọn ló máa ń dúró sínú yàrá kan, wọ́n á yí máìkì ká, kò sí pé à ń tún ohùn ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ohun tí o bá kọ lọ́jọ́ náà ni wọn á tà. Èmi tí mo wà nínú choir, tí ọ̀gá choir wa ò fi lead ṣe mí lálejò rí, àfi kí n máa gbe orin lẹ́yìn ṣáá, mo kí Mọ́mì kú iṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn.

Mo ra àwo náà. Ibi tí ẹnu mi ti kó bá mi rèé: mo sọ fún Pastor. Ọjọ́ ìbí Mọ́mì ti sún mọ́lé, ìdúpẹ́ rẹ̀ sì ni Sunday tó tẹ̀ lé e. Mo rò pé a máa kàn fi àwo náà ta á lọ́rẹ ni. Àṣé Sunday tó ṣáájú rẹ̀ ni Pastor máa gbé àwo náà sókè lórí pẹpẹ, ó ní, “Church! Next Sunday, Mummy will sing for us! Mummy, ẹ má wulẹ̀ kọ̀, hymn ni, kì í ṣe orin ayé!”

Ariwo sọ. Mo wo Mọ́mì. Ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí ọlọ́pàá ní kó máa bọ̀ ní àgọ́.

Mọ́mì ò jẹun dáadáa lọ́sẹ̀ náà. Nígbà tó yá, a lọ ra nǹkan, a jókòó sínú mọ́tò níwájú ìtajà, ó bá fọwọ́ ara rẹ̀ pa hymn tó ń dún nínú rédíò. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

“Ìyàwó, èmi kọ́ ni mo kọrin yẹn.”

Mo ní, “Mummy, ṣé ẹ ò mọ ojú ara yín mọ́ ni?”

“Ojú mi ni. Ohùn mi kọ́.”

Ó ní tàìpíìsì ni òun ní ilé-iṣẹ́ tó gbé àwo náà jáde. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Àlàkẹ́ ló kọrin. Àlàkẹ́ sanra, ó ní ilà lójú, oyún sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà ní ohùn rẹ̀ dára, àmọ́ ojú rẹ̀ ò ní jẹ́ kí ọjà tà, pé òun fẹ́ ọmọge tó jọ àwọn olórin òkè òkun. Ló bá na ìka sí tàìpíìsì. Wọ́n dé wíìgì fún un, wọ́n ní kó la ẹnu, ó la ẹnu, wọ́n ya fọ́tò, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí àwo jáde, Àlàkẹ́ wá sí ọ́fíìsì. Ó gbé àwo náà, ó wo ojú páálí rẹ̀, ó wo Mọ́mì, ó gbé e kalẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mọ́mì ní ì bá sàn kó gbá òun létí. Òun ò tún fojú kàn án mọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ra àwo náà, ó sì wá Miss Honey dé ọ́fíìsì. Ó ní ẹni tó ní irú ohùn yẹn ni òun máa fẹ́. Bàbá ọkọ mi nìyẹn o! Ó wu Mọ́mì, ó ní òun á sọ òótọ́ fún un lọ́la, ọ̀la ò sì dé. Nígbà tó ní kó kọrin fún òun, Mọ́mì ní òun ti bá Jésù dá májẹ̀mú. Àṣé ìjẹ́rìí tí à ń pàtẹ́wọ́ fún nìyẹn!

Mo ti ń di ẹ̀rín mọ́nú. Ṣùgbọ́n Mọ́mì ní nígbà tí àìsàn dá Daddy dùbúlẹ̀, ó bẹ òun pé kí òun kọ hymn kan péré, pé Jésù ò ní bínú. Òun ní ohùn òun ti lọ. Daddy ní kò burú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kú.

Ẹ̀rín wọlé lọ. Mo sunkún, mo di Mọ́mì mú, mo ní kó kọ díẹ̀ kí n gbọ́, bóyá a lè tún un ṣe. Ó kọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, n ò fẹ́ rí ìyá ọkọ mi fín, àmọ́ àláàmù mọ́tò tó ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa mọ orin jù ú lọ!

Ọgbọ́n tí mo dá nìyí: Mọ́mì á di máìkì tí a ti pa mú, á máa mi ètè. Èmi á dúró sí ẹ̀yìn sípíkà ńlá tí mo máa ń dúró sí, màá fi máìkì mìíràn kọ ọ́. Ta ló máa mọ̀?

Sunday dé. Mo kọrin! Ìjọ dìde, wọ́n ń pariwo, “Mummy! Mummy!” Pastor kúnlẹ̀. Ọ̀gá choir wa gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo yọjú wo ọkọ mi, ó ń fi fóònù ya ìyá rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọrin, ṣé ó ti sunkún fún mi rí?

Inú bí mi. N ò ní purọ́ fún yín, inú bí mi gidigidi! Ohùn mi ni! Àfi bí mo ṣe rántí Àlàkẹ́, tó dúró sí ọ́fíìsì, tó gbé ohùn ara rẹ̀ dání pẹ̀lú ojú ẹlòmíràn. Ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ tèmi mọ́. Mo jáde, mo ń kọrin lọ, mo dúró ti Mọ́mì.

Gbogbo ìjọ yíjú sí mi. Ètè Mọ́mì ṣì ń mì díẹ̀ kó tó rí mi. Mo ti ń retí ìfọ́tí, àmọ́ ó gba máìkì ọwọ́ mi.

“Ìyàwó mi ló ń kọ ọ́,” ó wí. “Àlàkẹ́ ló kọ ti inú àwo. Èmi ò kọrin rí láyé mi. Ọkọ mi kú, kò mọ̀.”

Pastor ò mọ̀ bóyá kí òun ké halelúyà ni tàbí háà. Mọ́mì ní kí wọ́n jókòó, pé òun jẹ Daddy ní hymn kan. Ó sì kọ ọ́, pẹ̀lú ohùn tirẹ̀ tí ò dọ́gba níbì kan. Ẹnu ń yún mi kí n gbè é, ó na ọwọ́ sí mi pé kí n dákẹ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ti gbé fóònù sílẹ̀, ó kàn ń wò ó ni.

Nísinsìnyí, Mọ́mì ń kọrin láàárọ̀, ó ń kọ ọ́ lọ́sàn-án, ó ń kọ ọ́ bó ṣe ń fọ abọ́. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́! Ó gé pépà, ó lẹ̀ ẹ́ bo ojú ara rẹ̀ lórí páálí àwo náà, ó sì kọ ÀLÀKẸ́ sí i gàdàgbà.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé bí ẹnìkan bá bá ẹ ṣiṣẹ́, dárúkọ ẹ̀ nígbà tó ṣì lè gbọ́. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ṣiṣẹ́ tí wọ́n fi kí yín kú iṣẹ́? Ẹ sọ ọ́ fún wa nísàlẹ̀ yìí. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ ná, kí ẹ tó sọ ìtàn tiyín.